Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ọkàn: fọ́ọ̀mù yín ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń dáhùn ún

Ẹ̀yin olùkọ́ àti alábòójútó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àfaradà. Lọ́wọ́ irú yín ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ láìsá fún un, nítorí náà ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá yín rò yìí, ẹjọ́ inú ilé ni. Ìdí tí mo fi ń rò ó ní gbangba ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣèpàdé lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú wọn.

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn ni mo bá wá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yín máa ń gbé síwájú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kí ló ń ṣe yín? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Báwo ló ṣe le tó? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu yín? Ta ló ti ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí? Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kí ẹ pa ara yín? Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, èyí tó kẹ́yìn yẹn jù lọ, mi ò sì ní kí ẹ yọ ọ̀kankan kúrò. Àmọ́ ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti béèrè ìgbà tí ìṣòro náà rọlẹ̀, ohun tó ti gbìyànjú tó sì gbè é díẹ̀, ẹni tó máa ń sá tọ̀, ohun tó ń gbé e dìde lówùúrọ̀ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí yìí. Bí ẹ bá rí i rárá, ìlà kan ni yóò jẹ́ nísàlẹ̀ pátápátá, tí àyè rẹ̀ kò gba ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Tèmi ni pé fọ́ọ̀mù yẹn kì í kàn gba ìròyìn sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń dáhùn ún. Bí èèyàn bá fi odidi wákàtí kan ka ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún un níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, etí tirẹ̀ náà ló ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ díẹ̀ nípa hypnosis, ìyẹn bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mú kí ọkàn èèyàn pọ̀ sójú kan kó lè gba àbá, á dá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀: a ti mú kí ọkàn èèyàn pọ̀ sójú kan, níwájú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé, a wá ń tẹnu mọ́ ohun kan ṣoṣo fún un léraléra. Ohun náà ni pé nǹkan ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní hypnosis, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ wá àyè gidi fún ẹ̀kọ́ méjì kan tí wọ́n sábà máa ń sáré kọjá lórí wọn nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ: ìtọ́jú tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn, àti ìtọ́jú tó kọ́gbọ́n lára hypnosis. Ẹbí ni àwọn méjèèjì. Ọkùnrin kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní lónìí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Milton Erickson lorúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1901, oko ní Wisconsin ló sì ti dàgbà. Ojú rẹ̀ kì í dá àwọ̀ mọ̀ bíi tàwọn yòókù, etí rẹ̀ kò sì mọ orin. Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà kò ní rí òwúrọ̀. Ó rí òwúrọ̀, àmọ́ ojú ló kù tó ń yí, àti ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìnira. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e jókòó sórí àga tó máa ń fì síwá sẹ́yìn, gbogbo ará ilé sì jáde. Ó wù ú gan-an kí àga náà sún mọ́ fèrèsé kí òun lè wo ìta. Bó ṣe ń rò ó, ló bá rí i pé àga náà ti ń fì díẹ̀díẹ̀. Òun tí kò lè ká ìka! Ìfẹ́ láti wo ìta nìkan ti ta iṣan tí wọ́n ti kà mọ́ òkú jí. Látìgbà náà ló ti ń jókòó rántí bí ọwọ́ ṣe máa ń di nǹkan mú, ìka kan tẹ̀lé èkejì, ó sì ń fara balẹ̀ wo àbúrò rẹ̀ kékeré tó ń kọ́ ìrìn, bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan kó tó gbé ìkejì, kí òun náà lè kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó padà rìn. Ó di dókítà ní 1928, ó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Massachusetts àti Michigan, kó tó kó lọ sí Phoenix ní Arizona ní 1948. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, àìlera náà padà wá pẹ̀lú ìrora tó lágbára, àga onítáyà ló sì ń lò títí tó fi kú ní 1980. Hypnosis tó ń ṣe fún ara rẹ̀ wà lára ohun tó fi ń fara da ìrora náà.

Ohun tó mú jáde nínú gbogbo èyí ló di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: èèyàn ti kọ́ ohun tó pọ̀ ju èyí tó rò pé òun mọ̀ lọ. Ó ti kọ́ ìrìn, ó ti kọ́ ọ̀rọ̀, ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbàgbé ìrora nígbà tí nǹkan tó dùn bá gbà á lọ́kàn. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti wá ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn wà, kó sì jẹ́ kí ẹni náà rí ọ̀nà tí yóò fi lò ó síbi tí ìnira wà báyìí.

Ìtàn kan wà tó máa ń sọ. Ó lọ sọ̀rọ̀ nílùú Milwaukee, ẹnì kan sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun yà wo ìbátan òun obìnrin kan tó ti dàgbà. Ilé obìnrin náà tóbi, owó sì wà, àmọ́ orí àga onítáyà ló ń gbé, kì í jáde àfi tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìsoríkọ́ sì ti bò ó mọ́lẹ̀ débi tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn èèyàn rẹ̀. Ó mú Erickson yí inú ilé ká. Yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo aṣọ fèrèsé ló ta dí, inú ilé ṣókùnkùn. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni wọ́n dé ibi kan tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ibẹ̀ ló ń gbin òdòdó African violet sí, tó ti ń já ewé lára èyí tó dàgbà, tó sì ń tún un gbìn kó lè di òmíràn. Ibẹ̀ nìkan ni ojú obìnrin náà ti là.

Erickson kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ìsoríkọ́ kankan. Ó ní kó máa wo ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀: ta ló bímọ, ta ló ń gbéyàwó, ta ló ń ṣàìsàn, ilé ta ni ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Kó máa gbé ọ̀kan nínú òdòdó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lọ fún ẹnikẹ́ni tí irú rẹ̀ bá kàn. Obìnrin náà ṣe é. Nígbà tó kú ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn pè é ní ọbabìnrin African violet ti Milwaukee, wọ́n sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló dárò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Erickson léèrè ìdí tí kò fi dojú kọ ìsoríkọ́ náà, ohun tó sọ ni pé ó rọrùn fún òun láti mú ibi tí òdòdó wà láyé obìnrin náà gbilẹ̀ ju kí òun máa fa ìsoríkọ́ tu lọ.

Ẹ fi obìnrin yìí sínú fọ́ọ̀mù yín. Ìsoríkọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdánìkanwà, bẹ́ẹ̀ ni. Àìlera ara, bẹ́ẹ̀ ni. Ewu pé ó lè pa ara rẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Òdòdó ńkọ́? Kò sí àpótí tí wọ́n lè mààkì fún òdòdó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì rí i lójú ara rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohun tó yẹ kí òun kọ sílẹ̀ ni, torí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ pé ara àyẹ̀wò ni.

(Àwọn tó mọ ìtàn náà mọ̀ pé Erickson tún sọ fún obìnrin náà pé ìsoríkọ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, pé kò ṣe ojúṣe rẹ̀ bíi Kristẹni ni. Èyí, mi ò ní kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ó bọ́ sí i fún Erickson. Ẹlòmíràn tó bá gbọ́ irú rẹ̀, ìtìjú ló máa gbé e padà sínú òkùnkùn.)

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ìtàn kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Erickson mọ ìtàn sọ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ròyìn ni kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti bá a jẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú méjì, Steve de Shazer àti ìyàwó rẹ̀, Insoo Kim Berg, ṣe ní Milwaukee yẹn kan náà. Ní 1978 ni àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀. De Shazer ti ka Erickson ní àkàtúnkà, àmọ́ kò fẹ́ jọ́sìn fún un. Àwọn kan á jókòó sẹ́yìn gíláàsì, wọn á máa wo bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe ń lọ, wọn á sì máa bi ara wọn léèrè pé ìbéèrè wo ló mú kí ẹni yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tó sàn. Èyí tó bá wúlò, wọ́n á mú un. Èyí tí kò bá wúlò, wọ́n á jù ú nù, bó ti wù kó gbayì tó nínú ìwé.

Wọ́n kíyè sí i pé kò sí ìṣòro tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tí àníyàn ń dà láàmú ní wákàtí tí àníyàn kì í sí. Tọkọtaya tó ń jà ní ọjọ́ tí wọn kò jà. Dípò kí wọ́n máa wádìí ìjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọjọ́ tí ìjà kò sí: kí lẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Nínú ìwádìí kékeré kan tí àwọn ará ibẹ̀ gbé jáde ní 1987, wọ́n bi èèyàn 30 bóyá nǹkan kan ti yí padà sí rere láàárín ìgbà tí wọ́n pè lórí fóònù láti gba àyè àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Ogún nínú wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Olùtọ́jú kò tíì la ẹnu o. Ìwádìí náà kéré, kò lè dá ẹjọ́ náà, àmọ́ ẹ rò ó wò: ká ní wọn kò béèrè ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ti òdo dé mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ bó ṣe máa ń lọ, torí mo ti rí i tí wọ́n kọ́ ọ lọ́nà tó sọ ọ́ di ìdánwò ìṣirò. Obìnrin kan jókòó, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Olùtọ́jú ní, "Ká ní mẹ́wàá ni ọjọ́ tí nǹkan bá ti rí bí ẹ ṣe fẹ́, òdo sì ni ìgbà tó burú jù, ibo lẹ wà lónìí?" Ó ní, "Méjì." Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gbọ́n sínú iṣẹ́ á káàánú: "Háà, méjì péré?" Ìyẹn ti pa gbogbo rẹ̀. Èyí tó gbọ́n á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní, "Méjì. Báwo lẹ ṣe ṣe é tí kì í fi í ṣe òdo?" Ẹ wo ojú obìnrin náà nígbà yẹn. Kò retí rẹ̀. Á kọ́kọ́ ní òun ò mọ̀. Olùtọ́jú kò ní sáré kún un. Lẹ́yìn náà ló máa ní, "Ó dára, mo ṣì ń dìde láti múra fún àwọn ọmọ." "Kódà lọ́jọ́ tó le?" "Kódà lọ́jọ́ tó le." "Kí lẹ máa ń sọ fún ara yín tí ẹ fi ń dìde?" Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yìn ín, kò sẹ́ni tó ní kó máa dúpẹ́ pé òun wà láàyè. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, etí ara rẹ̀ ló sì fi gbọ́ ọ. Ìbéèrè tó kàn ni ohun tí yóò rí tó bá kúrò ní méjì tó dé méjì ààbọ̀. Ẹ má béèrè mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni ìbéèrè iṣẹ́ ìyanu: ká ní lóru òní, nígbà tí ẹ bá ti sùn, iṣẹ́ ìyanu kan ṣẹlẹ̀, ohun tó gbé yín wá síbí sì ti yanjú, àmọ́ ẹ ò mọ̀ torí ẹ ti sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ rí tí ẹ ó fi mọ̀? Bí ẹ bá fetí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ Erickson nínú rẹ̀. Oorun wà níbẹ̀, òru wà níbẹ̀, ohùn á rọlẹ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ á lọ sọ́ọ̀ọ́kán, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí òwúrọ̀ tí kò tíì mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó pa ojú dé, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti lọ síbi tí hypnosis máa ń mú un lọ.

Àwọn mìíràn tún wà, tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn olùtọ́jú ẹbí méjì, Michael White ní Adelaide, ní Ọsirélíà, àti David Epston ní New Zealand, kọ́ wa láti ya ìṣòro sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ní i, ká máa bi ọmọdé pé ìgbà wo ni Ìbẹ̀rù gbìyànjú láti mú un tí kò rí i mú. Ní Yunifásítì Kansas, àwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí àrùn ọpọlọ wọn le láti orí ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọ́n ní, láti àwọn ọdún 1980. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn: àwọn tí àrùn wọn le. Ọ̀rọ̀ agbára kì í ṣe ti àwọn tí ìṣòro wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan nìkan.

Ó wá ku hypnosis, èyí tí mo mọ̀ pé ó máa ń mú kí àwọn kan nínú yín fajú ro. Mo mọ ìdí. Àwọn onídán orí ìtàgé ti bà á jẹ́, àwọn tó ń ta àlàáfíà lójú pópó íntánẹ́ẹ̀tì sì ń bà á jẹ́ lọ. Ìtàn rẹ̀ pàápàá kò mọ́ tónítóní: Franz Mesmer, dókítà ará Jámánì kan, sọ pé agbára kan tó dà bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì ń ṣàn láti ara òun, ìgbìmọ̀ tí ọba Faransé gbé kalẹ̀ ní 1784, tí Benjamin Franklin wà nínú rẹ̀, sì rí i pé irọ́ ni, pé èrò inú àwọn aláìsàn ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n rí i pé èrò inú lè mú kí ara gbọ̀n, kó sì mú kí ìrora lọ, wọ́n wá pa ìwé dé pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni nǹkan tó wà níbẹ̀! Ó di àwọn ọdún 1840 kí James Braid, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó ń gbé ní Manchester, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ohun tí ọkàn tó pọ̀ sójú kan ń ṣe, láìsí agbára àjèjì kankan.

Ohun tó ṣì ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé hypnosis kì í gba èèyàn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan ṣàpẹẹrẹ, tí Erickson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959. Ọkùnrin náà kò lè jókòó. Bó bá ti wọ ọ́fíìsì dókítà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀, kò sì ní dúró, àwọn dókítà ọpọlọ tó ti rí ṣáájú sì ti lé e lọ nítorí pé kò fẹ́ bá wọn ṣe é. Erickson bi í pé, ṣé ó máa fẹ́ ran òun lọ́wọ́ nípa títẹ̀síwájú láti máa rìn lọ rìn bọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹnu ya ọkùnrin náà. Ó ní òun gbọ́dọ̀ máa rìn ni, bí òun bá fẹ́ wà nínú yàrá náà. Erickson wá ní kó jẹ́ kí òun náà dá sí ìrìn náà díẹ̀. Ẹ rìn sápá ọ̀tún. Ẹ yà sósì. Ẹ kúrò nídìí àga yẹn. Ẹ rìn lọ sídìí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ohùn. Ó ń rọra fa ọ̀rọ̀ gùn, ìrìn náà sì ń falẹ̀. Ẹ lọ sídìí àga tí ẹ lè jókòó lé. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà jókòó, ọkàn rẹ̀ sì ti wọ ibi tí Erickson fẹ́ kó wà.

Ohun tí gbogbo àwọn tó kù pè ní ìdènà, òun ló fi ṣe ọ̀nà. Kò sí ohun tó gbìn sínú ọkùnrin náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí hypnosis àti ọ̀rọ̀ agbára ti pàdé gan-an nìyí: ohun yòówù tí èèyàn bá gbé wá, títí kan iyèméjì àti àìlèjókòó, ìlò rẹ̀ wà.

Ní ti ẹ̀rí, kì í ṣe ìtàn nìkan la ní mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Britain fọwọ́ sí ìlò rẹ̀ ní 1955, ti Amẹ́ríkà ní 1958. Ní 1984, dókítà Peter Whorwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester gbìdánwò rẹ̀ lára èèyàn 30 tí àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní IBS ń bá fínra, tí oògùn kò sì ràn. Àwọn tí wọ́n fi hypnosis tọ́jú sàn gan-an ju àwọn yòókù lọ, àjọ NICE tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú sì kà á mọ́ ohun tí dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rò ó wò fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ látọdún 2008. Ní 1997, Pierre Rainville àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní kí àwọn èèyàn ki ọwọ́ bọ omi tó gbóná dé ibi tó ń dunni, wọ́n sì fi hypnosis yí bí ìrora náà ṣe ń nini lára tó padà. Apá ibi tó ń ka ìnira sí nínú ọpọlọ yí padà pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi náà kò tutù. Ní 2007, ìwádìí kan ní New York lórí obìnrin 200 tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ nítorí àrùn jẹjẹrẹ ọyàn fi hàn pé ìṣẹ́jú 15 péré ti hypnosis ṣáájú iṣẹ́ abẹ dín ìrora, èébì tó máa ń gbéni àti àárẹ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gbà á bákan náà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ti ní òṣùwọ̀n fún ìyẹn láti 1959, àwọn kan á wọnú rẹ̀ wẹ́rẹ́, àwọn kan kò ní wọ̀ ọ́ rárá.

Àmọ́ ìwádìí tó yẹ kó dá oorun lójú yín jù ni ti dókítà Elvira Lang, tí kò tilẹ̀ dá lórí hypnosis ní tààràtà. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fetí sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń sọ fún aláìsàn kí wọ́n tó gún un tàbí kí wọ́n tó ṣe ohun tó lè dùn ún. Àwọn tí wọ́n kìlọ̀ fún pé "èyí á dùn yín díẹ̀", ìrora àti àníyàn wọn ló pọ̀ sí i; àwọn tí wọ́n bá kẹ́dùn lẹ́yìn rẹ̀, àníyàn wọn ló pọ̀ sí i. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí gbólóhùn kan péré bá lè ṣe ìyẹn lára ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, kí lẹ rò pé ogójì ìbéèrè nípa àbùkù ń ṣe lára ẹni tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó jókòó?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní ká máa fi ẹ̀rín bo ẹkún. Mo ti rí bí ọ̀rọ̀ "agbára" ṣe ń di ohun tí àwọn alákòóso fi ń yọ ìrànlọ́wọ́ kúrò: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ lágbára, ẹ lọ fara dà á. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń lù nílé nílò ibi tí yóò sá sí kó tó nílò ìbéèrè òdo dé mẹ́wàá. Olùtọ́jú tí kò gbọ́ ti ẹnì kan nígbà tí ẹni náà sọ pé òun ń jìyà, tó sáré lọ béèrè ohun tó ń lọ dáadáa, ó ti já a kulẹ̀, ẹni náà kò sì ní padà wá. Insoo Kim Berg máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ ìyà rẹ̀ tán. Kò kàn gbà pé ìyà nìkan ló wá sọ ni.

Hypnosis náà ní ibi tí kò yẹ kó dé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wá ìrántí tó sọnù. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti wí i ní 1985 pé ìrántí tí wọ́n fi hypnosis mú jáde kò ṣeé gbára lé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ọkàn ẹni náà á wá balẹ̀ sí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹbí ti túká lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan, tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, kì í ṣe ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni irú rẹ̀ yẹ kó ti gbà á. Òfin àtijọ́ kan sì wà láàárín àwọn tó ń ṣe é dáadáa: má fi hypnosis tọ́jú ohun tí o kò lè tọ́jú láìlo hypnosis. Dókítà eyín lè fi mú ẹ̀rù eyín kúrò, kò gbọdọ̀ fi wo ìsoríkọ́. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò ní iṣẹ́ ìlera mìíràn lọ́wọ́, kò yẹ kó fi wo nǹkan kan.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ pín wákàtí àkọ́kọ́ sí méjì. Kí ìdajì rẹ̀ wà fún ohun tó ń dunni, kí ìdajì kejì wà fún ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ìkejì sílẹ̀ ní kíkún bó ṣe kọ ti àkọ́kọ́, lọ́rọ̀ ẹni náà gan-an, kì í ṣe "ẹbí ń ràn án lọ́wọ́" tí kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ẹjọ́ wá fún yín láti gbà á nímọ̀ràn, kó tó sọ orúkọ àrùn kankan, ẹ bi í pé kí ni ẹni yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Bí kò bá mọ̀, ẹ dá a padà lọ béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ohùn ara wọn sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó wá, kí wọ́n sì jókòó gbọ́ ọ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń bi. Ọ̀pọ̀ ni yóò tún ìbéèrè wọn kọ lálẹ́ ọjọ́ náà láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn.

Ní ti hypnosis, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń pè yín ní aláìmọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ẹni tó kúnjú ìwọ̀n wá, kó fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́ wọn ní ààlà rẹ̀ kó tó kọ́ wọn ní ọgbọ́n rẹ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ ní ṣe é fún ẹnikẹ́ni láé, wọ́n á mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn nínú yàrá yẹn tí kì í ṣe àbá.

Mo ń retí èsì yín, pàápàá jù lọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi. Bí ẹ bá sọ pé ìdajì wákàtí ti pọ̀ jù, pé àwọn tó ń bọ̀ pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó, ẹ jẹ́ ká jọ wo ìbéèrè wo nínú fọ́ọ̀mù náà ni ẹnikẹ́ni kò tíì ka ìdáhùn rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Á ti yọ ìṣẹ́jú mélòó kan fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùtọ́jú ọkàn kan